Àdá Jí Ni Mo Gbọ́

Kí ló wá ṣòro nínú kí èèyàn la ẹnu kó sọ pé ìdájí? Ìdájí. Bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn. Àmọ́ àwọn ará Èkìtì ò ní gbà. Ilé á di ulé, iṣẹ́ á di uṣẹ́, iṣu á di uṣu, ìdájí náà á wá di ùdájí, tí èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ á wá dúró síbẹ̀ bí odi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní èmi ni mo jẹ̀bi, pé láti ìgbà tí a ti kó wá sí Adó, ó yẹ kí n ti gbọ́ ohùn wọn. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Nínú ilé wa, ohùn Ọ̀yọ́ là ń sọ. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní àdúgbò Adébáyọ̀, Yorùbá tí wọ́n fi ń ka ìròyìn ni àwọn kọ́sítọ́mà ń bá wa sọ, bí kì í bá ṣe òyìnbó. Níbo ni kí n ti gbọ́ ùdájí? Bàbá tó sọ ọ́ fún mi náà ò tún ràn mí lọ́wọ́, orín wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Oṣù méjì ló bá a lọ. Nítorí u kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri bó ṣe wù wọ́n.

Mo fẹ́ràn áníìmè, kátúùnù àwọn ará Japan yẹn, pàápàá èyí tí wọ́n ti ń fi idà jà. Orí fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́ sí mẹ́ta ni mo ti ń wò ó. Ọkùnrin kan á dúró, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ aṣọ rẹ̀, á pe orúkọ ọgbọ́n idà tó fẹ́ lò sókè, á fi idà gé afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀tá á ṣubú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ara rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀, ó sì lẹ́nu bí abẹ. Mo ní èmi rèé. Èmi náà, fóònù ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, fóònù náà ni mo fi kọ́ idà.

Wẹ́dà kan lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá ló bá mi fi irin sípíríngì mọ́tò rọ idà náà. Mo fi okùn bàtà wé èèkù rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń mú un, torí ọlọ́wọ́ òsì ni mí, ohun tí wọ́n ti ń nà mí lé lórí láti kékeré, tí nínà ò sì mú kúrò. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti máa ń bẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti gé orí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù á máa ya fídíò, a ó sì gbé e síta. Ọ̀gá Idà ni mo ń pe ara mi. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé eré ọmọdé nìyí, mà á bú u, mà á bú ẹni tó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, mà á tún padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì wá bú wọn nígbà tí mo bá ti sun oorun tó.

Nígbà tó yá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán lẹ́yìnkùlé. A bá gba pápá ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ ní Òkè-Ìlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Pápá yẹn tẹ́jú bí ẹní. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, tó ń gbé nínú ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń fi àdá gé e. Àwọn ìjọ ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, ó ń dípẹtà nínú yàrá kan, torí bàbá ní ẹ̀rọ kì í gé koríko, pé ṣe ló ń jẹ ẹ́.

Èmi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Mo kàn rí òdòdó tó yí pápá náà ká, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi idà bẹ́ orí wọn. Ó tó mẹ́wàá tí mo bẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni òdòdó yẹn fi ṣe ọ́?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Tírénìn là ń ṣe."

"Tírénìn kí ni?"

"Idà, sà."

Ó na ọwọ́, mo gbé e fún un. Ó gbé e sórí ìka kan bí ìgbà tí èèyàn ń wọn nǹkan.

"Irin mọ́tò nìyí. Orí rẹ̀ wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ. Ta lo fẹ́ fi pa?"

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká mi lára, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá. Mo ní, "Bàbá, èmi lè fi èyí gé pápá yìí tán kí ẹ tó fi àdá yín gé ìdajì."

Àwọn ìyá akọrin ti ń dé fún ìpàdé orin wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ wo ẹnu ọmọ yìí, ẹ wo bó ṣe fẹ̀."

Bàbá ò bínú. Ó fi àdá rẹ̀ tọ́ka síwájú. "Ó dáa. Mú ìlà kan, kí èmi náà mú ọ̀kan. Ìdí máńgòrò yẹn la ó dúró sí."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ fún yín pé mo rò pé mà á borí. Mo kígbe orúkọ ọgbọ́n idà mi, mo fì í sínú koríko. Koríko ò gé. Ṣe ló dọ̀bálẹ̀ fún mi, bí mo sì ṣe kọjá tán ló tún dìde. Mo fì í lẹ́ẹ̀kejì, mo pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún báyìí, ọwọ́ mi ti bó. Lẹ́yìn ìyẹn ni idà bá òkúta pàdé, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì ṣẹ́ fò lọ.

Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gbogbo àsìkò yìí, kò pariwo, kò mí gúlegúle. Apá rẹ̀ ò ga ju orúnkún lọ. Ohùn kan ṣáá ni mò ń gbọ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń fa aṣọ tuntun ya. Ó dé ìdí máńgòrò, ó yí padà, ó wá ń gé ìlà tèmi bọ̀ láti ọ̀hún. Nígbà tí a pàdé, mi ò tíì dé àárín.

"Ọ̀gá Idà," ìyá akọrin yẹn wí, ó ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi, "ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo koríko ló gbóhùn yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí mo pè ní ọ̀rẹ́, ya gbogbo rẹ̀, ó sì gbé e síta kí a tó délé. Ní Ọjà Ọba, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta ata, àwọn aláta fi fóònù hàn án pé, "Ṣé àbúrò ẹ rèé, èyí tí koríko ń kí?"

Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, lọ́jọ́ kẹta, mi ò rántí ẹ̀rín àwọn ìyá yẹn mọ́. Ohùn àdá yẹn ló kù létí mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mà á gbọ́ ọ, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́. Gbogbo áníìmè tí mo ti wò, mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó wù mí kó jẹ́ pé láti ọwọ́ mi ló ti ń jáde. Ó wù mí débi pé àyà ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ bá bàbá. Ó ń pọ́n àdá ní ìrọ̀lẹ́, orín wà lẹ́nu rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, imú mi kan koríko.

"Bàbá, ẹ kọ́ mi."

Ó wò mí. Ó mú ọwọ́ mi tó bó, ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ gan-an, mo rò pé ó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ ni.

"Ọwọ́ òsì lo ń lò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo ń dúró de èébú.

Kò bú mi. Ó mi orí, ó gbé àdá rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba ẹ̀gbẹ́ orín náà, ó sì wọlé lọ.

Ẹ̀yin ti mọ ohun tó sọ. Èmi, àdá jí ni mo gbọ́.

Inú mi dùn débi pé mo sáré délé ni. Torí bí ọ̀gá ṣe ń ṣe nínú áníìmè nìyẹn. Wọn kì í la nǹkan yé ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n á jù sí i, ọmọ á gbé e lọ sórí òkè lọ jìyà, títí ọ̀rọ̀ náà á fi yé e. Mo ní àdá tèmi ni kò tíì jí, ti bàbá ló ti jí, ohun tó ń sọ fún mi nìyẹn. Mo gbé irin mọ́tò yẹn padà fún wẹ́dà, mo ra àdá gidi l'Ọjà Ọba. Mo ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi sùn. Bí mo bá ti dé láti ṣọ́ọ̀bù, mà á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mà á máa gé ewéko, mà á máa kígbe mọ́ ọn pé, "Àdá jí. Àdá jí."

Màmá mi yọjú lójú fèrèsé. "Ta lò ń jí? Ta ló ń sùn níbẹ̀?"

"Mà, kò lè yé yín."

"Kó má yé mi. Ṣáà má jẹ́ kí onílé lé wa."

Mo pinnu pé mi ò ní padà sọ́dọ̀ bàbá àfìgbà tí àdá náà bá jí. Mi ò tiẹ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kọjá, mà á yà gba ẹ̀yìn, kó má baà rí mi kó rò pé mi ò ní sùúrù. Ọyẹ́ mú, ètè mi là, mò ń kígbe. Mo rò pé ọmọ ẹ̀kọ́ rere ni mí.

Lẹ́yìn oṣù méjì, obìnrin kan, ọmọ Adó, gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ùdájí ọ̀la ni mo fẹ́ wá gbà á o, mò ń rìnrìn àjò."

Ọwọ́ mi dúró. "Kí ló jí, mà?"

"Kí ló jí, báwo?"

"Ẹ ní àdá jí."

Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè. "Ùdájí ni mo wí. Kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdájí, ará Ọ̀yọ́." Ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, "Ó ní àdá jí. Ó kí i káàárọ̀ bí?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀, mi ò mọ ibi tí nọ́ọ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi já bọ́ sí. Oṣù méjì. Bàbá ní kí n wá ní ìdájí.

Mo tún fóònù náà ṣe tán, mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kó fún un, ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo wà ní pápá bàbá. Koríko ti dé orúnkún. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé rẹ̀, ó fi àdá lé itan, ó kọjú sí pápá náà. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ó yọ́ wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, kò mọ̀ mí rí.

"Ṣé àwọn ìjọ ló rán ẹ láti wá gé koríko?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ náà jáde kí n tó mú un.

"O ṣeun. Ojú bàbá ti lọ. Ó ti ń ṣú tipẹ́, kò sọ fún ẹnì kankan. Ọyẹ́ yìí ló parí ẹ̀. Gbogbo ìdájí ló máa ń jókòó síbẹ̀, mo ní kó wọlé, òtútù ń mú, ó ní ọmọ kan ń bọ̀ tí òun fẹ́ kọ́ níṣẹ́ kí ojú òun tó lọ tán." Ó mi orí. "Ọmọ kankan ò wá."

Mi ò mọ bí mo ṣe rìn dé iwájú bàbá.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Mo wá gé koríko." Ohùn tó jáde yẹn kéré, mi ò mọ̀ pé mo ní irú ẹ̀. Ariwo mi nìkan ni bàbá mọ̀.

"Ará Ọ̀yọ́ ni ọ́?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, sà."

"Ọmọ Ọ̀yọ́ kan ti wá síbí rí. Ariwo rẹ̀ pọ̀, àmọ́ apá wà lára rẹ̀. Mo ní kó wá ní ùdájí. Kò wá."

"Bóyá ó gbàgbé, sà."

"Kò gbàgbé. Ẹnu mi àti ọwọ́ mi ló lé e. Mo dójú tì í níwájú àwọn obìnrin. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, ó yẹ kí n mọ̀ pé a kì í dójú ti ọmọ tán ká tún ní kó wá kàwé."

Ọ̀rọ̀ ti dé eyín mi. Kò lé mi, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, u yìí ni, orín yìí ni, èmi ni. Kí n sọ ọ́ báyìí? Kó mọ̀ pé òun jókòó sínú ọyẹ́, ojú òun ń ṣú, nítorí ọmọ kan tó wà lẹ́yìnkùlé ní àdúgbò kan náà, tó ń kígbe mọ́ àdá? Mo la ẹnu. Bàbá ti ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Àdá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mú un. Ti ọmọ yẹn ni. Ọlọ́wọ́ òsì ni, mo pọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó lè má bá ọ lọ́wọ́ mu, àmọ́ òun ló mú jù nínú ilé."

Mo wọlé, mo mú un. Èèkù rẹ̀ tuntun, ó gbẹ́ ẹ síbi tí àtàǹpàkò òsì á sùn sí. Kò sí ohun tí wọ́n fún mi láyé rí tó bá ọwọ́ yìí mu. Ilé ìwé, ṣíbí, sísọ́ọ̀sì, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn títí bàbá fi ní, "Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo ti rí i, sà."

"Bẹ̀rẹ̀, kí n gbọ́."

Etí ló fi kọ́ mi. Òun lórí bẹ́ǹṣì, èmi nínú koríko. "Ṣàà lo ṣe yẹn, o nà án ni, o ò gé e. Rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó tún ga. Ṣàà." Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìdájí. Ó ní ìrì ló ń bá èèyàn di koríko mú, pé bí oòrùn bá ti mú un, koríko á rọ̀, á máa yẹ̀ fún àdá. Lọ́sàn-án ni mo ti bá a figa gbága nígbà yẹn. Ó mọ̀ pé lọ́sàn-án, òun nìkan ló lè gé e.

Ó pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀, ìdájí mélòó kan ti kọjá. Mi ò ronú nǹkan kan, apá mi wà nísàlẹ̀, mo sì gbọ́ ọ láti ọwọ́ ara mi. Ṣẹ́ẹ́.

Bàbá yọ orín lẹ́nu, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó wá fetí sílẹ̀ títí mo fi dé ìdí máńgòrò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni a jọ ní. Mo máa ń sọ fún ara mi lójoojúmọ́ pé lọ́la ni mà á sọ ọ́. Bí mo bá ti rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí ohùn àdá, mà á ní kó di ọ̀la. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gbé bàbá àti ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, níbi tí dókítà ojú wà. A jọ ń di ẹrù. Bàbá ti jókòó sínú mọ́tò kó tó ní kí n mú ọwọ́ wá. Mo na ọ̀tún, torí àgbà ni. Ó fi àtàǹpàkò wá inú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ bọ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀.

"Èkejì," ó wí.

Mo gbé òsì fún un. Ó fọwọ́ kan àwọn ibi tó ti yi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ìwé. Ó di ọwọ́ náà mú pẹ́.

"Bí ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn bá wá, bá mi sọ fún un pé mo dúró dè é."

Mo ní, "Mà á sọ fún un, sà."

Ọmọ rẹ̀ ṣáná sí mọ́tò, wọ́n lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Nígbà míì, mà á ní ó mọ̀, kí ló tún ń wá lọ́wọ́ òsì mi? Nígbà míì, mà á ní afọ́jú kàn ń dágbére ni, pé gbogbo ọwọ́ ló máa ń fẹ́ fọwọ́ kàn. Nọ́ńbà ìyàwó bàbá wà lórí fóònù mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mélòó kan, mà á pa á kó tó dún. Ní ìdájí, mo ṣì ń gé pápá yẹn. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, mo máa ń wò ó bí mo bá gé èyí tó dáa.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìkà ni mí, pé ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí ọkàn àgbàlagbà lè balẹ̀. Mo ní ìyẹn ò lè rọrùn, torí ẹni tó bá gbọ́ ìdí tó fi dúró lásán nínú ọyẹ́, ọkàn wo ló fẹ́ balẹ̀? Èmi tí mo máa ń bú èèyàn títí di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbé mì láyé mi nìyí, wọ́n tún ní ohun tí kò yẹ kí n gbé mì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má dá mi lóhùn kíákíá. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ná, ní ìdájí, pẹ̀lú bàbá. Ṣé ẹ̀yin ò ní dákẹ́?